Òórùn Ìrù Ń Lé Mi Jáde Nílé Ìdáná Ìyá Ọkọ Mi

Lẹ́tà tó ń wọlé lórí ewé àti èròjà ọbẹ̀ tí kì í báni lára mu ti pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká kúkú kó díẹ̀ nínú wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti ìyàwó tuntun yìí la ó fi bẹ̀rẹ̀, torí tiẹ̀ ló le jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún tó kọjá ni mo ṣègbéyàwó, Ìbàdàn là ń gbé, ilé ìyá ọkọ mi ò sì jìnnà sí wa. Èkó ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi ò fi ìrù sọ́bẹ̀ rí, máàgí àti edé ni tiwa. Nílé àna mi, kò sọ́bẹ̀ tí ìrù kì í wọ̀, tí wọ́n bá ti ṣí ìkòkò báyìí, èébì á ti máa gbé mi. Mo dímú jẹ ẹ́, mo fomi lé e, pàbó ló já sí. Ìyá ọkọ mi sọ fún ọkọ mi pé fáàrí lásán ni, ọmọ Èkó ló ń ṣe mí. Mo ti wá lóyún báyìí, wọ́n tún ń bi mí pé kí lọmọ náà fẹ́ máa jẹ. Ẹ gbà mí o. — Ìyàwó Tuntun, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú oríire, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ká má tan ara wa jẹ, ìrù ń rùn. Ẹni tó bá ní kò rùn, ó ti mọ́ ọn lára ni. Ṣé o ti débi tí wọ́n ti ń ṣe é rí? Wọ́n á se irúgbá lórí iná igi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìgbà míì ó máa ń di ọjọ́ kejì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí èèpo ẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á tún un sè, kí wọ́n tó wá dà á sínú igbá tàbí apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé àti aṣọ bò ó pinpin kó lè móoru fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Inú ooru yẹn ni kòkòrò tíntìntín kan tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní Bacillus subtilis ti máa ń fọ́ púrótéènì inú ẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ladùn ẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ammonia ti ń jáde, gáàsì kan náà tó máa ń ta sí èèyàn nímú nílé ìtọ̀ tí wọn ò fomi sí dáadáa. Kò sí bó o ṣe fẹ́ gba ọ̀kan kó o kọ èkejì.

Àwọn ará Japan náà ní tiwọn, nattō lorúkọ ẹ̀, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe é, kòkòrò yìí kan náà ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó wà lápá Tokyo ń fi jẹ ìrẹsì láàárọ̀, ṣùgbọ́n téèyàn bá dé apá Osaka, ọ̀pọ̀ wọn látijọ́ ni kì í fẹ́ kí wọ́n gbé e kọjá níwájú àwọn. Ta ló wá fẹ́ sọ pé ará Osaka kì í ṣe ọmọ Japan gidi?

Nítorí náà, kò sí fáàrí nínú ọ̀rọ̀ tìẹ. Ọkọ ẹ ti ń gbóòórùn ìrù látìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n ọ́n nídìí ààrò, ìwọ ò bá a pàdé àfìgbà tó o dàgbà tán. Èyí tí màmá sọ nípa ọmọ, kì í ṣe pé kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ o. Lọ́dún 2001, onísáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Julie Mennella àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn aláboyún kan máa mu omi kárọ́ọ̀tì ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn oyún, nígbà táwọn ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, wọn ò fajú ro sí oúnjẹ tó ní kárọ́ọ̀tì nínú tó bíi tàwọn ọmọ tí ìyá wọn mu omi lásán. Ohun tí ìyá ń jẹ máa ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó o máa bì kiri nítorí ìrù. Tọ́mọ bá dé, ìyá ẹ̀ àgbà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e jókòó nídìí ọbẹ̀ wọn, á mọ̀ ọ́n jẹ, kò sẹ́ni tó ní dandan ọwọ́ ẹ ló ti gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́.

Ẹnu tó o máa fi bá màmá sọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì. Má sọ pé "ó ń rùn" lójú wọn láéláé. "Màámi, kì í bá mi lára mu ni" ti tó. Kó o sì jẹ́ kí ọkọ ẹ lanu sọ̀rọ̀, òun ló nìyá, kó má jókòó síbẹ̀ kó máa jẹ ẹran. Kó bẹ̀ wọ́n pé kí ìrù kẹ́yìn wọ ìkòkò, kí wọ́n ti bu tìẹ sọ́tọ̀. Tó bá wá kan ìwọ láti se tọkọ nílé, sá fún ìrù pẹ̀tẹ̀, ìrù wóró ni kó o rà, fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án, jẹ́ kí epo pupa àti àlùbọ́sà gbóná dáadáa, kó o dà á síbẹ̀ kó dín kí ata tó dé, kó o ṣí fèrèsé. Gáàsì yẹn á bá èéfín lọ, ohun tó máa kù ò ní le tó tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, inú ìgò tó ní ìdérí tó le ni kó o rọ ọ́ sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi mímu yín gan-an á gbóòórùn ẹ̀ nínú fíríìjì.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi àìjẹ ìrù ṣe fáàrí, bíi pé oúnjẹ ará oko ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí màmá rò pé bí ìyàwó yìí náà ṣe rí nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 61 ni mí, Peckham ni mò ń gbé. Ìyàwó ọmọ mi, ará Íńdíà ni, ọmọ dáadáa ni o, àmọ́ kò sóúnjẹ tí kì í já ewé koriáńdà lé lórí. Ọṣẹ ni mò ń jẹ! Ọṣẹ ìfọṣọ pọ́ńbélé. Ọmọ mi lóun ò gbọ́ ọṣẹ kankan. Ṣé orí mi ṣì pé? — Bàbá Ọkọ, Lọ́ńdọ̀nù

ÌDÁHÙN: Orí yín pé, sà. Àwọn nǹkan tí wọ́n ń pè ní aldehyde ló wà nínú ewé yẹn, irú ẹ̀ wà nínú ọṣẹ náà. Lọ́dún 2012 wọ́n yẹ jíìnì, ìyẹn àbùdá téèyàn jogún lọ́wọ́ òbí, wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n rí i pé àwọn tó ń gbọ́ ọṣẹ, ìyàtọ̀ kan wà lára wọn nítòsí jíìnì imú kan tó ń jẹ́ OR6A2. Kì í ṣòun nìkan ló fà á o, ó kàn wà lára ẹ̀ ni. Lọ́dún yẹn náà wọ́n bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ní Toronto, ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó jẹ́ ìran adúláwọ̀ ló ní àwọn ò fẹ́ ewé náà, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 7 péré ni láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti apá Íńdíà, ẹ wá rí ìdí tí kò fi yé ìyàwó ilé yín. Julia Child, alásè tó lókìkí ní Amẹ́ríkà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2002 pé tóun bá rí i lórí oúnjẹ, ńṣe lòun á ṣà á jù sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ má ju tiyín sílẹ̀ o, ilé ọmọ lẹ wà.

Ẹ bẹ ìyàwó kó máa lọ ewé náà kúnná, kó sì jẹ́ kó gbé díẹ̀, ọṣẹ inú ẹ̀ máa ń rọlẹ̀ tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́. Hóró ẹ̀ ò sì ní wàhálà kankan. Kọ́rì tí ìyá yín fi ń se ìrẹsì ọdún, hóró koriáńdà wà nínú ẹ̀, ẹ ti ń jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí.

ÌBÉÈRÈ: Efinrin ni tèmi. Tó bá ti wà nínú pẹ́pẹ́súùpù, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń mọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú ń run mí, ìyá àgbà fún omi ẹ̀ fún mi pẹ̀lú iyọ̀, mo bì í dà sára gbogbo èèyàn. Táìmù náà ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ báyìí. — Ọmọ Ẹ̀gbá

ÌDÁHÙN: Inú tó ń run ẹ́ ló mú ẹ bì, efinrin ló wá jìyà ẹ̀. Lọ́dún 1955, onísáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ John Garcia àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fún eku lómi dídùn mu, wọ́n sì jẹ́ kí ìtànṣán tó ń kó àárẹ̀ báni bà wọ́n, látọjọ́ náà làwọn eku ti ń sá fún omi dídùn, bẹ́ẹ̀ omi ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Èèyàn náà ò yàtọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó, ó sì lè báni dàgbà. Táìmù ní tiẹ̀, thymol ló ń fún un lóòórùn, òun náà ló pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ efinrin ilẹ̀ wa, kò lè ṣe kó má rán ẹ létí. Èèrù àti ìyèré ni kó o fi se pẹ́pẹ́súùpù tìẹ, kò ní í tẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Kànáfùrù ń gbóòórùn dókítà eyín. Èmi nìkan ni àbí? — Aláìmuzóbò, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ìwọ nìkan kọ́. Eugenol ló wà nínú kànáfùrù, àwọn dókítà eyín sì máa ń pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń dí ihò eyín fúngbà díẹ̀. Ata ilẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó ni kó o ní kí wọ́n fi se zóbò tìẹ, yìnyín ló kù.