Early Decision àbí Regular: ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ owó

Ìbéèrè: Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, Èbúté-Mẹ́ta là ń gbé. Ọmọbìnrin mi fẹ́ lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Tíṣà rẹ̀ ní kó lo Early Decision, pé wọ́n á tètè gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má dán an wò. A ò lè dá san owó yẹn o. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá wa. Ọ̀nà láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí yunifásítì kan ṣáájú àkókò ni Early Decision, àdéhùn sì ni. Ọmọ, òbí àti olùdámọ̀ràn ilé ìwé rẹ̀ ló ń buwọ́ lù ú pé bí yunifásítì kan ṣoṣo yẹn bá gbà á, ibẹ̀ ló ń lọ, yóò sì fa fọ́ọ̀mù tó fi ránṣẹ́ síbòmíràn yọ. Nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọ̀hún á wá lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fojúure wò ó. Ibi tí òótọ́ tíṣà wà nìyẹn. Early Action náà yá, àmọ́ kò de ọmọ; ó láyè títí di ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún láti yan èyí tó wù ú. Regular, ìyẹn ọ̀nà ti àkókò gan-an tí kò de ọmọ, sábà máa ń parí níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní.

Ẹ̀gbọ́n yín náà kò purọ́. Ẹni tó bá ṣe Early Decision kò ní lè fi owó ìrànwọ́ ibì kan wé ti ibòmíràn. Bí èyí tí wọ́n fún un kò bá tó, ó lè ṣàlàyé, kó sì jáwọ́ nínú àdéhùn náà, ṣùgbọ́n àkókò ti lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù lórí iṣẹ́ yìí ni àwọn tó ń sọ fún òbí pé kí wọ́n kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé àwọn kò nílò ìrànwọ́, kí wọ́n lè gba ọmọ wọlé, kí wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ tó bá yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ tiwọn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí kò béèrè níbẹ̀rẹ̀. Ẹ óò sì fi ẹ̀rí owó hàn kí wọ́n tó fún un ní ìwé I-20 tó máa fi gba físà.

Amherst, Bowdoin àti Dartmouth kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ, wọ́n sì máa ń dí àlàfo owó tí òbí kò lè san fún ẹni tí wọ́n bá gbà, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú. Bí irú ibẹ̀ bá wu ọmọ yín ju gbogbo ibi yòókù lọ, kó ṣe Early Decision síbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Early Action níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, Regular síbi yòókù, ni mo fara mọ́.

Ìwé owó ló máa ń dá oníṣòwò dúró, torí kò sẹ́ni tó ń fún yín ní ìwé owó oṣù. Ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ní báńkì, kẹ́ ẹ sì kọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde lóṣooṣù sílẹ̀ láìfi bò. Ọjọ́ 1 tàbí 15 oṣù Kọkànlá ni ọ̀pọ̀ Early Decision ń parí. Bí ìwé kò bá tíì pé nígbà yẹn, ẹ má kánjú: àwọn kan, bíi Bowdoin, tún ní Early Decision ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú oṣù Kìíní.