Ìgbìmọ̀ open source: àyè mélòó ló yẹ kí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ní?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ open source kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ni a jọ ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń san owó oṣù fún púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ kóòdù rẹ̀, àwa yòókù sì ń yọ̀ǹda ara wa lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. A fẹ́ dìbò yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje. Àwọn kan ní ká pín àyè náà sí méjì, apá kan fún òṣìṣẹ́, apá kan fún olùyọ̀ǹda. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká ṣe é? Kí la lè kọ sínú òfin wa tí ilé-iṣẹ́ náà kò fi ní gba gbogbo rẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́, tí kò sì ní bínú kó owó rẹ̀ lọ?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má pín in bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sórí àyè kan pé ti ilé-iṣẹ́ ni, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á máa rò pé ọ̀gá òun lòun wá ṣojú fún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, olùyọ̀ǹda tó mọṣẹ́ dáadáa kì í pẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, àyè ta ló wá jókòó sí? Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò fún ẹni tó wù wọ́n, kí ẹ wá fi ààlà sí iye ènìyàn tí agbanisíṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní níbẹ̀.

Ohun tí àwọn iṣẹ́ open source ńlá ń ṣe nìyẹn. Ìgbìmọ̀ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, jẹ́ ẹni márùn-ún, agbanisíṣẹ́ kan kò sì gbọ́dọ̀ ní ju méjì lọ nínú wọn. Ti Kubernetes jẹ́ méje bíi tiyín, ààlà tiwọn náà jẹ́ méjì. GNOME Foundation àti openSUSE fi ìdá 40 nínú 100 kọ tiwọn, àmọ́ mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ìdá. Ìdá 40 nínú ẹni méje jẹ́ 2.8, ẹnìkan á ní méjì ni, ẹlòmíràn á ní mẹ́ta ni, ọjọ́ ìbò gan-an ni ìjà náà á sì bẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ òǹkà gan-an síbẹ̀.

Méjì ni èmi ìbá mú. Ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó fún púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ kóòdù lè ní ó ti kéré jù. Ẹ lè gbà fún mẹ́ta, ẹ má kọjá ibẹ̀, torí ẹni mẹ́rin nínú méje lè ṣe ìpinnu láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta náà ní ewu tirẹ̀. Ká ní òfin yín sọ pé bí ẹni mẹ́rin bá ti pé, ìpàdé lè bẹ̀rẹ̀, kí ìbò tó bá pọ̀ jù láàárín àwọn tó wà níbẹ̀ sì borí. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta kì í sábà pa ìpàdé jẹ, torí ara iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí ni. Nínú olùyọ̀ǹda mẹ́rin, ọ̀kan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ara ọmọ èkejì kò yá, wọ́n mú iná lọ lọ́dọ̀ ẹ̀kẹta. Ẹnìkan ṣoṣo ló wọlé. Iye ènìyàn pé, ìbò sì di mẹ́ta sí ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ pé ìpinnu kankan kò ní fìdí múlẹ̀ àfi tó bá ní ìbò mẹ́rin nínú gbogbo àyè méje, kí ẹni tí kò lè wá sì fi ímeèlì dìbò. Nígbà náà, ó di dandan kí ilé-iṣẹ́ rí ẹnìkan láti òde tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ kó tó lè ṣe ohunkóhun.

Bí wọ́n bá takú pé àwọn gbọ́dọ̀ ní àyè tó dá àwọn lójú, kò burú. Ní openSUSE, ilé-iṣẹ́ SUSE ló ń yan alága, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì dìbò yan ẹni márùn-ún yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: àwọn tí a dìbò yàn nìkan ni ààlà ìdá 40 náà kàn, ìyẹn ẹni méjì. Bí alága bá tún jẹ́ òṣìṣẹ́ SUSE, mẹ́ta nínú mẹ́fà nìyẹn, ìdajì gééré. Ní tiyín, ẹ ka ẹni tí ilé-iṣẹ́ bá yàn mọ́ ààlà.

Ẹ tún ṣàlàyé ẹni tí ẹ ń pè ní òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ wọn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó wà ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti rà. Orúkọ méjì ni LinkedIn àti Microsoft, àmọ́ Microsoft ló ni LinkedIn láti 2016. IBM ra Red Hat ní 2019: àwọn tí agbanisíṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra lánàá di ará ilé kan náà lónìí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí iṣẹ́ padà. Tí irú èyí bá ti mú wọn kọjá ààlà, ẹ fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó máa fi àyè sílẹ̀. Bí wọn ò bá rí i ṣe, kí ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré jù nínú wọn kúrò. Lọ́jọ́ ìbò, ẹ to àwọn olùdíje bí ìbò wọn ṣe pọ̀ sí, ẹ máa mú wọn láti òkè wá, kí ẹ sì fo ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá ti kún. Nítorí náà, kí olùdíje kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ ẹni tó ń sanwó fún un síta kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀.

Ààlà orí ìwé kò mọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ti fẹnu kò lé lórí nídìí kọfí. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n wà. Kí olùyọ̀ǹda tó gbọ́, wọ́n ti parí ọ̀rọ̀, èyí sì ni ohun tó ń lé olùyọ̀ǹda lọ jù. Kí gbogbo àbá wà ní kíkọ, níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti lè kà á. Wákàtí 72 ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ fún ìbò ní Apache Software Foundation, àjọ tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ open source. Fún ohun tí kò bá jẹ́ pàjáwìrì, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan, torí òpin ọ̀sẹ̀ ni olùyọ̀ǹda ń ráyè. Ẹ sì máa yí àkókò ìpàdé padà: aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́rú ní Jámánì nígbà ooru, aago mẹ́sàn-án ni nílùú Èkó, ẹni tó ní ọ̀gá níwájú kò lè dá sí i.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó ilé-iṣẹ́ náà tàbí àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ ohun tó mọ̀, kó má dìbò. Ẹ má fẹ èyí dé orí kóòdù o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ á dúró.

Ọ̀rọ̀ tó tóbi jù kò tilẹ̀ sí nínú àyè méje yẹn. Ta ló ni orúkọ iṣẹ́ náà àti àmì rẹ̀? Ta ló ń san owó dómẹ́ènì, ìyẹn àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ sáfà, kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀? Ní 2020, Redis, ètò open source tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà, gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kalẹ̀, ẹnìkan láti Amazon àti ẹnìkan láti Alibaba wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024, ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ Redis yí láísẹ́ǹsì padà, ìyẹn òfin tó sọ bí ènìyàn ṣe lè lo kóòdù náà; àwọn tí kò fara mọ́ ọn kó kóòdù àtijọ́, wọ́n sì ní láti sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, Valkey, lábẹ́ Linux Foundation. Ẹ kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ yín ṣe àdéhùn kíkọ lórí orúkọ, dómẹ́ènì àti láísẹ́ǹsì kí ẹ tó dìbò. Ìsinsìnyí tí wọ́n ṣì ń wá kí ìgbìmọ̀ náà fìdí múlẹ̀ ni wọ́n máa gbà jù.