Ṣé fítámì aláboyún ló ń yún yín lára?

Ìbéèrè: Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún. Látìgbà tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì ni ìgbẹ́ mi ti dúdú, tí èébì ń gbé mi. Láti ìjẹta ni ara tún ti ń yún mi. Ìyá ọkọ mi ní fítámì ò bá mi lára mu, kí n pa á tì, kí n máa mu àgbo. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ yìí.

Ìgbẹ́ dúdú àti èébì, èròjà irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Hóró kan oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fẹ́rọ́ọ̀sì sọ́fétì, miligíráàmù 200, ní ojúlówó irin bíi miligíráàmù 65 nínú. Èyí tí ara ò gbà ló ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ má fi tíì sìn ín. Bí kò bá rọlẹ̀, dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀.

Ara yíyún ló kàn mí. Kí lẹ gbé mì lójú nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Fansidar, oògùn tí wọ́n ń fún aláboyún, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ibà má bàa mú un. Èròjà oògùn kan tó ń jẹ́ sulfa wà nínú rẹ̀, sulfa kì í sì í bá ara àwọn kan mu rárá. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ara tó sú, fítámì ojoojúmọ́ ni wọ́n á wá dá lẹ́bi. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fún yín ní òmíràn. 

Bó bá tiẹ̀ jẹ́ fítámì, àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún, sóyà tàbí epo ẹja inú rẹ̀ ló sábà máa ń fà á. Ẹ gbé páálí náà lọ, wọ́n á fún yín ní irú mìíràn.

Bó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń yún yín, pàápàá lóru, tí ara ò sú, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lónìí. Bí ètè tàbí ojú bá wú, tí mímí bá nira, tí òòyì ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn lojú ẹsẹ̀. Piriton, oògùn ara yíyún, nìkan ò tó.

N ò rí yín, dókítà yín ló máa pinnu. Ṣùgbọ́n àgbo tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ bá mi fọ̀wọ̀ bẹ Màmá, kí wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀.