Ìyàwó mi ní HPV, èmi ò ní: níbo ló ti kó o?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, Kubwa la ń gbé. Ìyàwó mi ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, wọ́n ní ó ní HPV, kòkòrò tó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Èmi náà sáré lọ sí láàbù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ọdún 11 la ti fẹ́ra. Níbo ló ti kó o? Ẹnì kan sì ní oògùn kan wà ní Màràbá tó ń fọ̀ ọ́ dànù. Mo fi fọ́tò èsì tèmi ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ká tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìwé yín. Ìlà mẹ́rin ló wà nínú fọ́tò yẹn: HIV, mẹ́dọ̀wú B, VDRL (àyẹ̀wò sífílíìsì), àti àyẹ̀wò ìtọ̀. Ẹ tún un wò dáadáa. HPV kò sí níbẹ̀. HIV lẹ rí. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n àrùn wọn ò jọra rárá.

Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó gba owó yín ló rẹ́ yín jẹ, tàbí òun náà ò mọ ìyàtọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá ní òun fi ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹ HPV wò, afẹ́fẹ́ ló tà. Kòkòrò yìí kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀. Awọ ara ló ń gbé, àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú ara, nínú ihò ìdí àti lọ́nà ọ̀fun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n fi gbà á lára ìyàwó yín, wọn ò gún un lábẹ́rẹ́. Ní ti ọkùnrin, kò tíì sí àyẹ̀wò HPV kankan tí wọ́n fọwọ́ sí fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nítorí náà, ẹ pa "èmi ò ní" yẹn rẹ́. "Mi ò mọ̀" ló tọ́ kí ẹ sọ.

Níbo ló ti kó o? Ìwé ò lè sọ, èmi náà ò lè sọ. HPV lè sùn sára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì kankan hàn, kó tó fojú hàn nínú àyẹ̀wò. Ó lè ti wà kí ẹ tó fẹ́ra. Ó lè jẹ́ láti ara yín, láti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin tí ẹ ń fẹ́ nígbà tí ẹ jẹ́ agùnbánirọ̀, tí ẹ ò tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023, tó kó àbájáde láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ, rí i pé ọkùnrin kan nínú mẹ́ta tó ti lé ní ọmọ ọdún 15 ló ní irú HPV kan lójú ara. Àwọn èèyàn sì ń pè é ní àrùn obìnrin!

Obìnrin kan ti jókòó níwájú mi rí, báàgì Ghana-must-go méjì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti lé e jáde nítorí irú ìwé yìí, ó sì fẹ́ kí n kọ lẹ́tà pé òun kì í ṣe panṣágà. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sí, torí àyẹ̀wò yẹn kì í wádìí ìwà ẹnikẹ́ni.

HPV ń ṣe ọkùnrin náà léṣe. Ó ń fa jẹjẹrẹ nǹkan ọmọkùnrin, ti ihò ìdí àti ti ọ̀fun. Irú HPV tí wọ́n ń pè ní 6 àti 11 máa ń hu èso ara kéékèèké síbi ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, obìnrin ló ń ru ẹrù tó wúwo jù. Lágbàáyé, nǹkan bí obìnrin 620,000 àti ọkùnrin 70,000 ló ní jẹjẹrẹ tí HPV fà ní 2019.

Ní ti oògùn Màràbá, kò sí oògùn mímu tàbí èyí tí a ń kì bọ ojú ara tó ń fọ HPV dànù. Ara fúnra rẹ̀ ló ń lé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Obìnrin á mu àgbo, àyẹ̀wò kejì á mọ́, olóògùn á sì gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Àwọn ohun tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ yẹn sì lè bó ẹran ibẹ̀. Ẹ má gbé e súnmọ́ ìyàwó yín.

Mi ò tíì rí ìyàwó yín, nítorí náà dókítà rẹ̀ ni kó tẹ̀ lé. Níní HPV kì í ṣe níní jẹjẹrẹ; ó sábà máa ń gba ọdún 15 sí 20 kó tó di bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ lára obìnrin tó ní HIV. Wọ́n lè fi omi kíkan bíi fínígà pa ẹnu ilé ọmọ láti wo bóyá ibì kan funfun. Bó bá funfun, wọ́n lè fi ooru jó o, ó sì lè padà sílé lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá kọ irú 16 tàbí 18 sínú èsì rẹ̀, kó má ṣe jáfara, àwọn méjèèjì ló ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ bá rí èso tàbí egbò tí kò jiná, ẹ wá. Bí ẹ bá ń mu sìgá, ẹ fi í sílẹ̀. Kóńdọ́ọ̀mù ń dín in kù, kì í dí i pátápátá, torí awọ sí awọ ló ń ràn.

Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 9 sí 14, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé fún àbẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Àbújá sì wà lára ibi tó kọ́kọ́ dé ní oṣù kẹwàá 2023. Kì í sọ ọmọ di àgàn. Kì í sì í wo èyí tó ti wà lára ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹ má wá a kiri fún un bí oògùn.

Nígbà tí ìyàwó yín bá ń padà lọ sí kíliníìkì, ẹ bá a lọ. Ìwé láàbù yẹn, ẹ fi í sílé.