Owó idẹ Késárì: èwo gan-an ni idẹ?

Ẹnìkan béèrè pé: nínú Mátíù 22, wọ́n mú "owó idẹ" kan tí àwòrán Késárì wà lára rẹ̀ tọ Jésù wá. Ṣé idẹ ni Róòmù fi ń ṣe owó lóòótọ́?

Wọ́n ń fi idẹ ṣe owó, àmọ́ èyí tí wọ́n mú wá lọ́jọ́ náà kọ́. Denarius ni owó yẹn, fàdákà sì ni. Lójú tèmi, "penny" inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló jẹ́ kí àwọn tó túmọ̀ tiwa pè é ní owó idẹ.

Sestertius àti dupondius ni owó idẹ gidi. Nígbà tí Késárì Augustus tún ètò owó Róòmù tò, ní nǹkan bí ọdún 23 ṣáájú ìbí Kristi, orichalcum ni wọ́n fi ń ṣe àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, "bàbà orí òkè" ló túmọ̀ sí, idẹ tí àwa náà mọ̀ ni: bàbà tí síńkì wọ̀ lára. Iṣẹ́ ọwọ́ yìí wú mi lórí gan-an, torí pé wọn kò mọ bí a ṣe ń yọ síńkì sọ́tọ̀ rárá. Òkúta tó ní síńkì nínú ni wọ́n ń lọ̀, wọ́n á kó o pọ̀ mọ́ bàbà àti èédú sínú ìkòkò, wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á koná mọ́ ọn. Síńkì á di ooru, á wọnú bàbà lọ, bàbà á sì máa dán bíi wúrà.

Dídán yẹn gan-an ló gbówó lé e. As, tó jẹ́ owó bàbà, wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 11. Dupondius tó nǹkan bíi 13. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, síbẹ̀ as méjì ni dupondius kan. Dupondius méjì ló ń jẹ́ sestertius kan, sestertius mẹ́rin sì ni denarius kan.

Àwọn Òyìnbó sábà máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní bronze, ìyẹn bàbà tí táńganran wọ̀ lára, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ère orí Ifẹ̀, bẹ́ẹ̀ idẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn díẹ̀ sì jẹ́ bàbà tí ohun mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀. Ahọ́n tiwa ti ya idẹ sọ́tọ̀ kúrò lára bàbà tipẹ́.

Tí irú owó yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi àwọ̀ dá a mọ̀, torí tó bá ti pẹ́ nínú ilẹ̀, àtidẹ àtibàbà ló ń di aláwọ̀ ewé. Orí Késárì ni kí ẹ wò. Láti ayé Késárì Nero, adé tó ní ṣóńṣó bí ìtànṣán oòrùn ni wọ́n sábà máa ń fi sí i lórí lára dupondius.