Ẹ má tíì gbé gain sókè, ẹ wo wáyà inú axle ná

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín yé mi. Tírélà yín ní axle 2, bíréèkì oníná wà ní ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ so kọ̀ńtírólà tuntun, ẹ̀rọ tó ń fi iná ránṣẹ́ sí bíréèkì tírélà, mọ́ ọkọ̀, ẹ ti gbé gain, nọ́ńbà agbára tó wà lára rẹ̀, dé 8, síbẹ̀ tírélà ṣì ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Tó bá tún ko kòtò, kọ̀ńtírólà á fi àmì short hàn, ìyẹn ni pé iná já sára irin, bíréèkì tírélà á gé. Ẹ dúró kí ẹ wò ó, àmì á ti pòórá. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gbé gain dé 10.

Rárá o. Gain kì í ṣe oògùn. Iye iná tí kọ̀ńtírólà máa tú sórí wáyà búlúù nìkan ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Bóyá iná ọ̀hún dé inú ẹsẹ̀ tírélà àbí ó já sọ́nà, kò mọ̀ ọ́n. Nínú dúróòmù kọ̀ọ̀kan, irin róbótó tó ń bá táyà yí, òòfà kan wà lórí apá irin. Tí iná bá wọ òòfà yẹn, á lẹ̀ mọ́ ojú dúróòmù tó ń yí, dúróòmù á máa wọ́ ọ lọ, apá irin náà á sì fẹ ṣúù méjèèjì, àwọn tó ń fún dúróòmù mọ́lẹ̀, síta. Iná kékeré, ìdìmú kékeré. Ìdènà iná inú òòfà bíréèkì ínṣì 10 tàbí ínṣì 12 máa ń tó ohm 3.2, òòfà náà sì ń gba nǹkan bí amp 3 sí 4 nígbà tí iná bátìrì volt 12 bá kún inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, nǹkan bí amp 12 sí 16 nìyẹn. Tí iye yìí kò bá dé ibẹ̀, kí ẹ gbé gain dé ọ̀run, kò ní dì í mú.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tírélà kúrò lára ọkọ̀, kí ẹ fi mítà wọn ohm láàárín ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tó jẹ́ ti bíréèkì, ìyẹn ti búlúù, àti ti funfun. Ẹ kọ́kọ́ kan ẹnu wáyà mítà méjèèjì mọ́ra, ẹ wo iye tó kọ, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ bá rí, torí wáyà mítà olówó pọ́ọ́kú fúnra rẹ̀ lè jẹ ohm tó pọ̀ tó láti ṣì yín lọ́nà. Iná ń pín sí ọ̀nà mẹ́rin, torí náà òòfà mẹ́rin tó pé gbọ́dọ̀ wà nítòsí ohm 0.8. Tí ẹ bá rí 1.6, méjì ló ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá rí 3.2, ẹyọ kan péré ló kù. Tí ẹ bá fẹ́ wọn amp, ẹ má lo ihò amp 10 tó wà lára mítà kékeré, fíúsì rẹ̀ á jó. Mítà tí wọ́n ń fi ẹnu gbá wáyà mú ni kí ẹ lò, kó sì jẹ́ èyí tó lè ka iná DC, iná bátìrì, torí èyí tó ń ka AC, iná ilé, nìkan pọ̀ lọ́jà.

Ó dá mi lójú pé ẹ máa rí 1.6 tàbí iye tó ń fò sókè sódò. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí, torí ibẹ̀ ló ń jẹ owó àti oorun èèyàn.

Láti ẹsẹ̀ òsì lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀pọ̀ tírélà ni wọ́n ti gba inú páìpù axle gbé wáyà kọjá. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò sí ohun tó dè é mọ́ inú ibẹ̀, ihò tó gbà wọlé sì jẹ́ irin tí wọ́n gbẹ́ lásán, ẹnu rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Gbogbo ìgbà tí táyà bá ko kòtò, wáyà á jó sókè, á jó sódò, á fi ara ha ẹnu ihò. Awọ rẹ̀ á máa bó díẹ̀díẹ̀ títí bàbà fi máa yọ síta. Lọ́jọ́ tí bàbà bá kan irin, kọ̀ńtírólà á rí short, á gé iná fún gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má bàa jóná. Tí ọkọ̀ bá dúró, wáyà á sún kúrò lára irin, gbogbo nǹkan á dà bíi pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, bàbà á já pátápátá nínú ibẹ̀, ẹsẹ̀ òdìkejì á kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí tírélà ṣe lè ní bíréèkì ní ẹ̀gbẹ́ kan kó má sì ní in ní èkejì, tí kọ̀ńtírólà á sì máa kọ pé òun rí tírélà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé èèyàn máa gbé irú tírélà báyìí lọ bá àwọn tó pe ara wọn ní ọ̀gá, wọ́n á ki púlọ́ọ̀gì, wọ́n á tẹ bíréèkì lójú kan, wọ́n á ní kò sí nǹkan tó ṣe é, wọ́n á gba owó àyẹ̀wò. Àìsàn tó jẹ́ pé orí eré ló ń jáde, ṣé ìdúró ni wọ́n fi ń wò ó? Àwọn míì á ta kọ̀ńtírólà tuntun fún yín. Kọ̀ńtírólà tó ń gé iná nígbà tó rí short, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ já wáyà ẹsẹ̀ òsì àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ axle náà, kó jẹ́ wáyà inú páìpù nìkan ló kù. Ẹ fi ẹnu mítà kan sí wáyà yẹn, ẹ fi èkejì sí irin axle tí ẹ ti ha kùn rẹ̀ kúrò. Kò gbọ́dọ̀ ka ohunkóhun. Kí ẹnì kan máa wo mítà, kí ẹlòmíì di wáyà náà mú níbi tó ti wọ ihò, kó máa fà á, kó máa tì í, kó máa yí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mítà bá sọ̀rọ̀, ó ti parí. Tí ẹ bá fa wáyà náà jáde, ẹ máa rí ojú bàbà tó ń dán, tí eruku dúdú yí i ká, níwájú ihò gan-an.

Ẹ má gbé wáyà tuntun padà sínú páìpù yẹn. Ẹ gé ti àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Wáyà méjì, búlúù àti funfun, kó nípọn tó gauge 12 ó kéré tán, kó gba ẹ̀yìn axle níta, kó wà nínú páìpù rọ́bà oníwúrúwúrú, kí ẹ dè é mọ́ axle lóòrèkóòrè, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ níbi tó ti ń gòkè lọ bá férémù, torí axle ń lọ sókè sódò. Ojú ibi tí ẹ ti so wáyà, ẹ lo kọnẹ́tọ̀ tí wọ́n ń fi páńpẹ́ tẹ̀ pa, èyí tí rọ́bà rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù nínú tó ń sún mọ́ wáyà tí iná bá rà á. Èyí tí wọ́n kàn ń há mọ́ ara wáyà láìbó o, ẹ má fojú kàn án, omi ń wọ inú rẹ̀. Kí ẹ lọ́ wáyà pọ̀ kí ẹ sì fi tépù dì í? Ní abẹ́ tírélà, ọ̀tá tó ń ṣe bí ọ̀rẹ́ ni tépù.

Wáyà funfun, èyí tí iná ń gbà padà, tún nìyẹn. Wọ́n ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí wọ́n fi súkúrúù kan án mọ́ férémù, ó ti tó. Kò tó. Súkúrúù á dípẹtà, iná á máa wá ọ̀nà gba ara bọ́ọ̀lù tó ń fa tírélà padà sínú ọkọ̀, bọ́ọ̀lù yẹn sì kún fún gíríìsì. Òòfà kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì, èyíkéyìí nínú wọn lè jẹ́ earth, ọ̀nà tí iná ń gbà padà, kò sí àṣìmú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú méjèèjì padà sí púlọ́ọ̀gì lórí wáyà funfun gidi.

Ti inú ọkọ̀, ẹ ti ṣe é, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Dúdú láti orí bátìrì gba breaker, ohun tó ń gé iná tó bá pọ̀ jù, amp 20 fún ẹsẹ̀ 2 sí 4, amp 30 fún 6 sí 8. Funfun lọ tààrà sí ẹnu òdì bátìrì. Pupa sí wáyà tó ń ní iná nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí pẹ́dà nìkan. Búlúù lọ sẹ́yìn. Ẹ má gba àwọ̀ wáyà tírélà gbọ́ lójú lásán, ẹni tó ti tún un ṣe ṣáájú yín lè ti pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ̀ńtírólà tó ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dúró sí, kí ẹ gbé e tọ́ sí ibi tí ọkọ̀ dojú kọ, ní ìdúró tí ìwé rẹ̀ sọ.

Tí iná bá ti pé, ó ku ṣúù. Ẹ gbé tírélà lé jáàkì lábẹ́ férémù, kì í ṣe lábẹ́ páìpù axle, ó lè tẹ̀. Ẹ gbé e lé sítáńdì, kí ẹ dí táyà tó kù. Lẹ́yìn awo irin tó gbé bíréèkì dúró, nísàlẹ̀, ojúhò kan wà tí rọ́bà dí. Àgbá eléyín kékeré wà nínú rẹ̀. Ẹ máa yí táyà síwájú, ẹ máa fi irin pẹlẹbẹ yí eléyín yẹn títí táyà fi máa ṣòro yí. Kí ẹ wá dá a padà títí táyà á fi máa lọ fàlàlà, tí ẹ á ṣì máa gbọ́ kí ṣúù máa ha díẹ̀díẹ̀. Bíréèkì tuntun, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn máìlì 200, lẹ́yìn náà ní gbogbo máìlì 3,000. Bí àyè bá pọ̀ láàárín ṣúù àti dúróòmù, apá òòfà á ti rìn tán kí ṣúù tó kàn án, ìyẹn náà sì ń jọ àìtó gain.

Nígbà tí dúróòmù bá wà nílẹ̀, ẹ wò ó bóyá ṣúù tí aṣọ rẹ̀ kúrú ló wà níwájú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló wà, wọ́n ti gbé ti òsì sí ọ̀tún. Ẹ fọwọ́ kan ṣúù náà. Tí gíríìsì bá ti mu ún, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sun ún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ síìlì béárìn pẹ̀lú. Gíríìsì tí wọ́n ń fi ìbọn fún láti orí axle ló ń fa èyí jù, torí wọ́n ń tì í títí síìlì fi fò jáde.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti breakaway, súwíìṣì tó ń di bíréèkì mú tí tírélà bá já kúrò lára ọkọ̀. Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò a máa wo iná ẹ̀yìn, wọn kì í fa píìnì yẹn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù ní kí bíréèkì yìí lè dì í mú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, bátìrì kékeré tó ti kú kò lè ṣe é. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀ kí ẹ tó fa píìnì, kí iná má bàa padà sínú kọ̀ńtírólà kó jó o. Okùn rẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ ara ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe mọ́ ṣéènì tírélà. Ẹ má sì fi í ṣe bíréèkì ìgbà tí ẹ bá gúnlẹ̀, á fa bátìrì gbẹ, á sì mú òòfà gbóná.

Gain tí ẹ béèrè ní pàtó wá nìyí. Tó bá jẹ́ ṣúù tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi bíréèkì tírélà dín eré kù láti máìlì 40 sí 20 ní wákàtí, ìgbà 20 sí 30, kí ẹ máa fún un láyè kó tutù láàárín. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹrù tí ẹ máa ń gbé, ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú tó sì gbẹ, ẹ lọ ní máìlì 25. Ẹ má tẹ pẹ́dà, ẹ fi ọwọ́ tẹ bíréèkì ọwọ́ tó wà lára kọ̀ńtírólà délẹ̀. Ẹ máa gbé gain sókè díẹ̀díẹ̀ títí táyà tírélà á fi fẹ́ wọ́, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn díẹ̀. Òun ni nọ́ńbà yín. Tí tírélà bá ṣófo, nọ́ńbà míì ni, kí ẹ kọ méjèèjì sórí tépù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ńtírólà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wakọ̀ díẹ̀, tí ẹ sì ti ń lo bíréèkì, ẹ dúró, kí ẹ sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ dúróòmù kọ̀ọ̀kan láìkàn án, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ka ooru wò ó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gbóná bára mu. Èyí tó bá tutù, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.