Ẹ BI WÁ: Omi fàdákà tí wọ́n ń ṣe nílé, báwo la ṣe ń mọ èyí tó dáa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi kékeré, àbúrò ọkọ mi tá a jọ ń gbé, ló rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣe omi fàdákà tí òyìnbó ń pè ní colloidal silver. Ó so bátìrì 9-volt mẹ́ta pọ̀, ó so ṣéènì fàdákà mọ́ wáyà kan, òrùka mọ́ ìkejì, ó rì wọ́n sómi, ó ní oògùn ikọ́ ni. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe mọ́ gaara, tọ̀sẹ̀ yìí wá di yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, nǹkan dúdú wà nísàlẹ̀ ìgò. Ó tan iná lésà sí i, ìlà pupa hàn nínú ẹ̀, ó ní ojúlówó nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ti ń mu ṣíbí kan láàárọ̀ àti lálẹ́. Èwo ló dáa nínú méjèèjì? Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mò ń tako ọkọ mi o.
Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé. Lésà yẹn ni màá kọ́kọ́ mú torí òun ni gbogbo wọn fi ń fọ́nnu. Ìlà máa ń hàn tí èérún tó kéré gan-an bá ń léfòó nínú omi, kò sì béèrè pé èérún kí ni. Ẹ kán mílíìkì ẹ̀kán kan sínú omi, ẹ tan lésà kan náà sí i, ìlà máa hàn rekete, ṣé fàdákà wá wà nínú mílíìkì ni? Èyí tó tún wá wà ńbẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú fàdákà tí bátìrì ń tú jáde ló ń yòrò pátápátá bí iyọ̀, lésà ò lè rí ìyẹn, torí náà èyí tó mọ́ gaara lè ní fàdákà nínú ju èyí tí ìlà hàn nínú ẹ̀ lọ.

Àwọ̀ ńkọ́? Yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ máa ń wá látara èérún fàdákà tó kéré jọjọ. Tó bá ń ṣú, àwọn èérún ti lẹ̀ mọ́ra wọn nìyẹn, wọ́n á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Tó bá funfun bàìbàì, iyọ̀ inú omi ló pàdé fàdákà, omi kànga àti omi ẹ̀rọ ò sì lè ṣe kó má ní in díẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń lọ ra omi bátìrì lọ́dọ̀ rìwáyà, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ta asíìdì o! Mítà TDS tí wọ́n tún ń rà kiri, bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá ló ń wò, kò rí èérún rárá. Láàbù ló lè sọ iye fàdákà tó wà ńbẹ̀.

Ṣéènì àti òrùka yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, wáyà 999 ni wọ́n ń lò, ìyẹn ni pé 999 nínú 1,000 ẹ̀ ló jẹ́ fàdákà. Ẹ yí inú òrùka yẹn wò, tẹ́ ẹ bá rí 925, ìdá 7.5 nínú 100 ẹ̀ kì í ṣe fàdákà, bàbà ló sábà máa ń jẹ́. Tẹ́ ò bá rí nọ́ńbà kankan, fàdákà lè má sí níbẹ̀ rárá, German silver tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, bàbà, níkẹ́ẹ̀lì àti síńkì ni wọ́n pò pọ̀. Bátìrì ò mọ èyí tó yẹ kó tú, ohun tó bá tú náà ni ìyá ń gbé mì.

Ẹ wá ní èwo ló dáa. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáa jù lójú tiwọn ni fàdákà pọ̀ nínú ẹ̀ jù, ara ò sì ní nǹkan kan tó ń fi fàdákà ṣe. Àtọdún 1999 ni FDA, àjọ oògùn Amẹ́ríkà, ti ní àwọn ò gbà pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí pé kò léwu. Fàdákà máa ń dúró sára awọ, awọ lè di búlúù bí eérú, kì í sì í padà. Stan Jones tó du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Montana lọ́dún 2002, fúnra ẹ̀ ló ń ṣe tiẹ̀ nílé tí awọ ẹ̀ fi yí padà. Paul Karason, ará Amẹ́ríkà míì, náà ń ṣe é, búlúù lojú ẹ̀ wà títí tó fi kú lọ́dún 2013.

Torí náà kí ìyá dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ kàn bi àbúrò ọkọ yín níṣojú ọkọ yín pé "Ọkọ mi, nọ́ńbà wo ló wà lára òrùka yẹn ná?" kí ọkọ yín gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Tí ikọ́ ìyá bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ ni. Tí wọ́n bá sì ń lo tetracycline tàbí cipro, ẹ sọ fún dókítà pé wọ́n mu fàdákà, kì í jẹ́ kí irú oògùn yẹn wọra dáadáa.

Ìbéèrè: Omi gbígbóná dà sí mi lápá, kírímù tó ní fàdákà ni wọ́n fún mi lọ́sibítù. Ṣé kí n dá a dúró?
Bàbá Ṣadé, Ọ̀yọ́

Ìdáhùn: Rárá o, bàbá. Silver sulfadiazine nìyẹn, ojú egbò ni wọ́n ń fi í sí, ẹ ò mu ún, wọ́n sì ti wọn iye fàdákà tó wà nínú ẹ̀. Àmọ́ tí Septrin tàbí Fansidar bá ti yọ yín lára rí, ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì, súfà tó wà nínú wọn wà nínú kírímù yìí náà.